Itẹ́ Òkú Tí A Ro Mọ́ Jù

Títí di òní, bí òórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdá gé bá ti kàn mí nímú, màá kọ́kọ́ dìde lọ wo ohun tí wọ́n ń gé. Kì í ṣe ẹ̀bi koríko. Ẹ̀bi ẹgbẹ́ wa ni, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Ajah láti máa tọ́jú ibojì àwọn ṣọ́jà tó ja ogun Bóma, nígbà tí katapílà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la títì ọlọ́dà bọ̀ láti ìhà Èkó. Télọ̀ ni mí nígbà náà, ọmọge tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, tó rò pé ohunkóhun tó bá bàjẹ́ láyé yìí, kí èèyàn sáà ti gbá a mọ́, ó ti tún un ṣe nìyẹn.

Kí n sọ bí àwọn ṣọ́jà náà ṣe dé ibẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà tó bá ní ilé, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn ọmọ abúlé ẹ̀bá ọ̀sà tó ti ogun dé, ikọ́ burúkú ni wọ́n bá bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù ba àwọn ará ilé wọn, wọn ò jẹ́ kí òkú wọn wọlé. Olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ ló yọ̀ǹda ilẹ̀ iyanrìn kan lẹ́yìn àwọn igi àgbọn. Èyí tí ikọ́ kò mú nínú wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ṣọ́jà, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sí owó òkúta ibojì, ó bá gbin pèrègún sí ìgbèrí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, igbó bo gbogbo rẹ̀.

Ìgbà tí mo ń wí yìí, Bàbá Ṣọ́jà ti darúgbó, olórí ẹbí tó yọ̀ǹda ilẹ̀ sì ti kú. Ọmọ rẹ̀ tó jogún ló ń ta ilẹ̀ káàkiri, torí títì ń bọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni Bàbá ń bẹ̀ wá: kí a má jẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ náà lé àwọn ọ̀rẹ́ òun lórí.

A bá dá ẹgbẹ́. Ẹ gbà mí o! Ìpàdé àkọ́kọ́, ta ni yóò kọ́kọ́ gbàdúrà, ṣé mùsùlùmí ni àbí onígbàgbọ́, ìyẹn la jà sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìpàdé kejì, àwọ̀ fìlà. Alága wa, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù kan tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, kò lè ní kí èèyàn gbé ìgbálẹ̀ láìkọ́kọ́ rojọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi," ni yóò máa wí. Èmi náà á sì sọ sí etí ẹni tó jókòó tì mí pé, "A ti fara balẹ̀ láti àárọ̀, ìdí ti ń dùn wá."

Ìgbà tí a wá kọjú sí iṣẹ́, a ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àìsàn ti dá Bàbá dùbúlẹ̀, a fẹ́ kó bọ́ sí ibẹ̀ lọ́jọ́ kan kí ẹnu yà á. A ro, a ha, a gbá. Sàréè tó ṣe gegele, a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, torí Alága ní ó ń kọ òun lẹ́sẹ̀. Ó tún kan àwọn pèrègún.

"Kí ni ti wúruwùru yìí?" Alága nawọ́ sí wọn. "Ẹ hú u jàre! Sìmẹ́ńtì la máa fi ṣe tuntun."

A hú u. Orin ni mo ń kọ bí mo ṣe ń kó wọn dà sí ọ̀sà.

Wọ́n gbé Bàbá Ṣọ́jà wá lórí àga. Ilẹ̀ náà ń dán, iyanrìn funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Alága ti ń tún ọ̀fun ṣe, "Bàbá wa, ẹ fara balẹ̀..." Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àwọn èèyàn mi dà?" ló bi wá.

Alága ní, "Bàbá, ẹ ò rí bó ṣe mọ́ ni?"

"Mo rí i. Mo ní àwọn èèyàn mi dà?"

Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé.

Ta ni kò mọ̀ ní Ajah nígbà náà pé ilẹ̀ tí wọ́n bá ti ro, títà ló kàn? Àwa nìkan la gbàgbé. Kò pẹ́ tí mo fi bá ọmọ olórí ẹbí níbẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan tó gbé mọ́tò wá, wọ́n ń kan èèkàn mọ́lẹ̀. Mo figbe bọnu, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, itẹ́ òkú nibí o!"

"Sàréè dà?" ọmọ olórí ẹbí bi mí. "Fi ẹyọ kan hàn mí."

Mo wò títí, èèkàn wọn nìkan ni mo rí. Aláìnítìjú yẹn tún wá ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti bá wa ro ó. Tí ààwẹ̀ bá ti parí, katapílà ń bọ̀."

Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Kí ni ẹgbẹ́ wa ṣe sí i? Ìpàdé ni wọ́n pè! Wọ́n ń wádìí ẹni tó kọ́kọ́ hú pèrègún. Mo dìde kúrò níbẹ̀, mo gba ilé Bàbá Ṣọ́jà lọ, mo rò fún un bó ṣe jẹ́. Kò bú mi. Ì bá tilẹ̀ bú mi, ara ì bá tù mí. Ó ní kí n pe àkọ́bí òun wá.

"Tí mo bá kú, má sin mí sínú ilé yìí," ó wí. "Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi ni kí ẹ gbé mi lọ."

Ọmọ náà fọwọ́ lérí. "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ kọ́lé! Kí ayé máa wí pé a gbé bàbá wa jù sígbó?"

"Àwọn tí mo sin síbẹ̀ náà nílé. Ìbẹ̀rù èèyàn ni kò jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó máa ra ilẹ̀ tí sàréè tuntun wà nínú rẹ̀. Gbin pèrègún sí ìgbèrí mi."

Ààwẹ̀ kò tíì parí tí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọjọ́ náà gan-an la sin ín, a sì jẹ́ kí sàréè rẹ̀ ga dáadáa. Alága lanu láti sọ̀rọ̀, ẹkún ló bá jáde. Nígbà tí katapílà dé lẹ́yìn ọdún ìtúnu, ọkùnrin onímọ́tò tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà rí gegele àti pèrègún, ó bá padà sínú mọ́tò rẹ̀. Ọmọ olórí ẹbí pè é títí, kò bojú wẹ̀yìn.

Ilé ńláńlá ló yí ibẹ̀ ká báyìí, ògiri gíga àti géètì onígáàdì. Ilẹ̀ kékeré yẹn ṣì wà. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ kan wá pẹ̀lú àdá àti ìgbálẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ bọlá fún àwọn ṣọ́jà. Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Mo gbé àga mi lọ síbẹ̀, mo ń kígbe mọ́ wọn, "Ẹ rọra o! Ẹ má fọwọ́ kan pèrègún yẹn!" Ọ̀kan nínú wọn kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ta ló wà níbí gan-an?"

"Bàbá kan ni," mo wí. "Ó kọ́lé sí Ajah níbí. Ìmọ́tótó wa ló lé e jáde nílé náà wá síbí."