Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Màmá Mi Nídìí Dùrù

Níjẹta, káfíńtà ń tú dùrù àtijọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹdẹ, mo sì ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi. Bó ṣe ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí, òórùn pákó gbígbó, káfúrà àti ìgbẹ́ eku kọ lù mí nímú. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o: owú ni mo gbóòórùn rẹ̀, owú tí mo jẹ nígbà tí mo wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àwọn sójà ló ń ṣèjọba nígbà náà. Orí ìlà la ti ń ra ṣúgà, búrẹ́dì sì kéré débi pé bí èèyàn bá sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lè fò lọ. Tíṣà ni màmá mi, àwọn náà ló ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ilé-ìwé bá ti jáde, màmá mi á kó àwọn ọmọ tó jẹ́ adití jọ sídìí dùrù yìí, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ náà bọ́ bàtà, kí wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pákó rẹ̀. Bí màmá mi bá tẹ ohùn ìsàlẹ̀, ikùn àwọn ọmọ á gbọ̀n rìrì. Bí wọ́n bá tẹ tòkè, á ta àwọn ọmọ léyín, ẹ̀rín á sì sọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ yẹn ṣe kọ́ orin tí etí wọn ò gbọ́.

Rónkẹ́ wà lára wọn, ọmọ àgbẹ̀ kan nílùú Ara, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ládùúgbò wa. Òun ni màmá mi máa ń gbé jókòó sórí bẹ́ǹṣì ti ara wọn, èjìká kan èjìká, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó lu agogo tó máa ń lù sí orin. Èmi tí wọ́n bí ńkọ́? Ìdúró ni mo wà, mò ń ṣí ìwé orin!

Ni mo bá sọ ara mi di adití. Wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń wo àjà. Bàbá mi ké títí, ọ̀fun wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Màmá mi ò bínú. Wọ́n kọjú sógiri, wọ́n rọra sọ pé, "Ta ni ká fún ní dòdò tó ṣẹ́ kù yìí o?"

"Èmi ni, Màmá!"

"Háà! Ẹ wá wo iṣẹ́ ìyanu! Ìwọ adití, òògùn rẹ mà kúkú dùn o. Wá máa ṣí ìwé orin rẹ."

Nígbà tí ọjọ́ Ìkórè dé, mo bẹ̀bẹ̀: "Màmá, ẹ jẹ́ n jókòó tì yín, lónìí nìkan."

"Ìwọ ń gbọ́ mi láti ibi yòówù tóo bá wà," ni wọ́n wí. "Èjìká mi ni Rónkẹ́ fi ń gbọ́ mi."

Rónkẹ́ ló jókòó síbẹ̀. Agogo rẹ̀ bọ́ sójú orin rẹ́gí, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, ìyá rẹ̀ àgbà bú sẹ́kún. Èmi náà bú sẹ́kún. Àwọn èèyàn ní Ẹ̀mí ló bà lé mi.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti yí padà. Àwọn sójà ti padà sí bárékè, màmá mi ti darúgbó, etí wọn sì ti di pátápátá. Bí mo bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, àfi kí n pariwo bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko. Ṣùgbọ́n Rónkẹ́, tó ń ránṣọ nílùú Awo báyìí, kì í pẹ́ kó tó wá kí wọn. Á jókòó tì wọ́n, á máa fìka tẹ̀ wọ́n lápá bí ẹni ń tẹ dùrù, àwọn náà á fọwọ́ fèsì, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

"Kí lẹ ń fi rẹ́rìn-ín?" ni mo máa ń bèèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi.