Òkúta Tí Kì Í Ṣe Tìróò

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́, má fi Faransé tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ojú ọmọ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ mi àkọ́kọ́ ní Akébé níbí, ní Libreville, nígbà tí Gabon gba òmìnira tí kò tíì ju ọdún díẹ̀ lọ. Mo fi ọwọ́ ara mi lọ ohun kan, mo sì fẹ́ fi í sí ọmọ náà lójú. Títí di òní, tí mo bá rántí bí ọwọ́ mi ṣe súnmọ́ ojú yẹn tó, ara mi a bù máṣọ.

Ìyáálé mi ló ń ta tìróò. Àtẹ kékeré ló ní lọ́jà: kán-ún, álọ́ọ̀mù, ẹfun, imí ọjọ́, tìróò. Kò sí ewé níbẹ̀, kò sí egbò; gbogbo ọjà rẹ̀, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á. Kò mọ̀wé, èmi náà ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ òkúta bí ẹni mọ àna rẹ̀: ó mọ èyí tó ń rẹ́rìn-ín síni tí kò fẹ́ràn ẹni.

Òun ló kọ́ mi. Tí ẹnìkan bá gbé kán-ún wá, a ó kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Tó bá hó, kán-ún ni. Tó bá dákẹ́, wọ́n ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Álọ́ọ̀mù, ahọ́n la fi ń mọ̀ ọ́n, á fa ẹnu jọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Tìróò ni ìdánwò rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí ojú ènìyàn ló ń lọ. Ó gbọ́dọ̀ wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Èyí tí kò tó ẹyin adìyẹ á fa ọwọ́ rẹ wálẹ̀. Tí o bá fi òòlù kàn án, kì í fọ́ jákujàku, ìgun mẹ́rin-mẹ́rin ló ń fọ́ sí, bíi ṣúgà oníhóró tí àwọn Faransé ń jù sínú kọfí. Ó rọ̀, etí owó idẹ á ha á. Tí o bá sì fà á lẹ́yìn àwo tánganran tó ti fọ́, níbi tí kò ti dán, ìlà rẹ̀ á rí bí òjé. Àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ nísinsìnyí pé òjé wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, pé kí a má fi sójú ọmọ mọ́. Nígbà náà, ta ló mọ̀yẹn? Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí a kò lé tìróò sí lójú, a máa ń wò ó bí ọmọ tí kò ní ìyá.

Ọmọ tèmi ò sì ní i. Tìróò ti tán lórí àtẹ, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù wa láti Kútọnu kò dé. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ojú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, tó bá di àárọ̀ a máa lẹ̀ pọ̀, mo ní láti fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣí i. Àwọn obìnrin àgbàlá ò dákẹ́. Ọ̀kan ní, “Ìyáálé rẹ ń ta tìróò fún gbogbo ayé, ojú ọmọ ilé rẹ̀ ṣófo.”

Àsìkò yẹn ni àbúrò ọkọ wa dé. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta jáde nínú ilẹ̀, ọ̀nà ọjọ́ mélòó kan. Kámíọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù, já a sílẹ̀ ní PK12 lẹ́yìn ìlú, igbó ṣì ni ibẹ̀ nígbà náà, ó sì ru ẹrù rẹ̀ wá sílé. Kò tíì mu omi, ó ti tú síńgílẹ́ẹ̀tì kan tó dì bí òṣùṣù.

“Ìyàwó, wọ́n ní ojú ọmọ ṣófo,” ó wí fún mi. “Mo mú tìróò wá. Irú èyí, àwọn ará ọjà ò ní rí i títí wọn ó fi kú.”

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. Kò ju ìkúùkù lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo bí ẹni pé ẹnìkan di í mú láti ìsàlẹ̀. Dúdú ni, ó ń dán bí ọ̀dà tó ti gbẹ. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, nǹkan bí èépá lẹ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n. Èépá yẹn rẹwà gan-an, n kò ní purọ́.

Ìyáálé mi na ọwọ́. “Gbé e wá, ọkọ mi. Èmi ni mo wẹ̀ ọ́ nígbà tí o kò tíì lè jókòó. Jẹ́ kí n wo òkúta rẹ náà ní ìhòòhò.”

“Ẹ má fi òòlù kàn án, Ìyá wa. Ẹ̀bùn ni.”

“Ẹ̀bùn ojú ni. Ojú ò sì sí lọ́jà ká tún un rà.”

Ó lù ú. Kò fọ́ ní ìgun mẹ́rin. Ó fọ́ bí ìdí ìgò, ó jìn kòtò, etí rẹ̀ mú. Ó fi owó idẹ ha á, owó ló fi àmì sílẹ̀ lára òkúta, òkúta ò mira. Ó fà á lẹ́yìn àwo: ìlà náà dúdú, ó pọ́n díẹ̀, bí ìdí ìkòkò ọlọ́jọ́ pípẹ́.

“Ó wúwo,” ni ìyáálé mi wí. “Ìyẹn nìkan ló fi jọ ọ́. Òkú ènìyàn náà wúwo.”

“Ẹ̀yin tí ẹ kò kọjá Sibang etí ìlú yìí rí, ẹ̀yin lẹ wá ń kọ́ èmi tó ń wọ inú ilẹ̀ ní òkúta.”

“Ta ló sọ fún ọ pé tìróò ni?”

“Ta ló tún máa sọ fún mi? Ó dúdú, ó ń dán, ó wúwo. Àwọn òyìnbó ń ṣọ́ ọ ju ìyàwó wọn lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣé ó lè burú ni?”

“Wọ́n ń ṣọ́ ajá tó ń bu ni jẹ náà.”

Ọkọ wa ló là wọ́n. Ó ní kí n gba ẹ̀bùn àbúrò òun, kí n dúpẹ́, kí n gbé e sọ́dọ̀ ọmọ tó ni ín, pé tìróò tí a mọ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo kó òkúta náà pẹ̀lú èyí tó fọ́ lára rẹ̀ sínú igbá, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ ibùsùn níbi orí ọmọ, ó fara ti pákó ògiri.

Ibẹ̀ la ti ṣe àṣìṣe. A mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ dán òkúta wò, a mọ ti ahọ́n, a mọ ti òòlù. A rò pé òkúta tí kò bá ti wọ ojú, tí kò wọ ẹnu, kò ní ohun tó lè ṣe fúnni.

Nítorí pé n kò lé òkúta rẹ̀ sójú ọmọ, àbúrò ọkọ wa kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Tí mo bá gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, á ní ó ti yó. Lẹ́yìn náà á lọ ra búrẹ́dì àti sàdíìnì, á wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi gan-an, níbi tí gbogbo àgbàlá ti lè rí i, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

“Ṣé búrẹ́dì ìta dùn ju ọbẹ̀ mi lọ ni, ọkọ mi?”

“Búrẹ́dì kì í fi òòlù dán mi wò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ìyàwó tí àwọn ará ilé ọkọ ń kọ oúnjẹ rẹ̀ kò ní ilé mọ́. Ọkọ wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ oúnjẹ kù. Ojú ọmọ kò sì yéé ṣomi.

Lẹ́yìn pákó yàrá mi, onífọ́tò kan ló ń gbé níbẹ̀, Nàgó láti Pọ́tó-Nóvò. Iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀ nígbà náà, nítorí àlejò tí kò ní káàtì ìgbélùú, inú ewu ló wà, káàtì ò sì ṣeé ṣe láìsí fọ́tò. Pákó náà fẹ́lẹ́; tó bá wúkọ́, ọmọ mi á ta jí. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, mò ń gbọ́ tó ń bínú. Àwọn bébà fọ́tò rẹ̀ ń bàjẹ́. Ó ń bú ẹni tó tà á fún un, ó ń bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n padà wá jókòó, pé ojú wọn ò hàn. Kò kàn mí. Mo ní tèmi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìyáálé mi wà lọ́jà, mo mú èyí tó fọ́ lára òkúta yẹn, mo lọ̀ ọ́. Ó le. Ó ń ha ọlọ bí ẹni ń ha eyín. Ìyẹ̀fun rẹ̀ kò dán, dúdú lásán ni, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kí ó lè rí i lójú ọmọ, kí ó jẹ oúnjẹ mi, kí ilé rọ̀. Mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ọmọ sí itan, mo ki igi tìróò bọ inú ìyẹ̀fun náà, mo fi ìka méjì ṣí ojú òsì rẹ̀. Ó ń wò mí. Igi ti dé ibi ìpéǹpéjú nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá Ọmọ, ẹ kú ọ̀sán. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbé ti pákó yìí?”

Onífọ́tò ni. Kò pariwo, ìyẹn ló jẹ́ kí n dá ọwọ́ dúró.

“Ibùsùn ọmọ ni,” mo wí.

Ó na bébà mẹ́ta sí mi. “Ẹ wò ó. N kò tíì ya ẹnikẹ́ni sórí ìwọ̀nyí. Láti inú páálí wọn ni mo ti fọ̀ wọ́n, funfun ló yẹ kí wọ́n jẹ́.”

Etí kan dúdú lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dúdú náà ń fẹ́lẹ́ lọ sí etí kejì, bí èéfín tó wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn.

“Bóyá òjò ni.”

“Òjò kì í yan etí. Mo yí páálí náà padà lẹ́ẹ̀mẹta. Etí tí mo bá kọ sí ọ̀dọ̀ yín, òun ló ń dúdú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo egungun ní ọsibítù náà ń bà á jẹ́, kódà bí pákó bá dí i. Àbí ẹ gbé ẹ̀rọ ọsibítù sílé ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Mo wo igi tó wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e jìnnà sí ojú ọmọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbé ọwọ́ kúrò lára ejò tó sùn.

Nígbà tí ìyáálé mi dé, onífọ́tò sọ ti bébà rẹ̀ fún un; ó wo ọlọ, ó wo ọmọ. Kò bú mi. “Ṣé ó kàn án lójú?”

“Kò kàn án, Ìyá wa.”

“Búra.”

Mo búra. Ó yí sí onífọ́tò, ó ní kó fún òun ní bébà méjì tí kò tíì rí ìmọ́lẹ̀, kó fi ìwé dúdú dì wọ́n dáadáa. Ó gbé òkúta lé ọ̀kan. Ó fi ọ̀bẹ ha ìdí agolo rẹ̀ lọ́jà, ó rí èérún tìróò kan, ó gbé e lé èkejì. Ó fi wọ́n sí ilé ìdáná tí a ò lò mọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́ta. Èmi àti ọmọ sùn sí yàrá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, onífọ́tò fọ bébà náà, ó mú wọn jáde pẹ̀lú omi lára. Èyí tí tìróò wà lórí rẹ̀ funfun gbòò. Lórí èkejì, òkúta náà jókòó síbẹ̀, dúdú, bó ṣe rí gan-an, ibi tó ti fọ́ hàn. Ìwé dúdú dì í, ilẹ̀kùn tì, ó sì ya fọ́tò ara rẹ̀.

Ìyáálé mi lọ fọ ọwọ́. Ó jókòó, ó tún dìde lọ fọ̀ ọ́. Èmi ń ka ọjọ́ tí orí ọmọ mi ti wà lókè igbá yẹn, mo kà á, mo ṣì í kà.

Àbúrò ọkọ wa gba bébà náà, inú rẹ̀ dùn. “Ẹ ò rí i? Òkúta alágbára ni. Mo ti sọ.”

“Jù ú sínú òkun,” ni ìyáálé mi wí.

“Ohun tí mo fi ẹ̀wù gbé jáde níbi iṣẹ́? Ẹni tó mọyì rẹ̀ á rà á lọ́wọ́ mi.” Ó kọjú sí mi. “Ìyàwó, ìwọ ni mo fún. Ṣé kí n jù ú?”

Ọ̀rọ̀ wá kù sí mi lọ́wọ́. Mo ti rí ohun tó ṣe gba inú pákó. Tí mo bá ní kó jù ú, á bínú, á gbé òkúta rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, á sì máa wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kó kúrò nílé. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́.

“Ẹ máa gbé e lọ, ọkọ mi,” mo wí. “Tiyín ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ oúnjẹ mi lọ́jọ́ náà, ó tún bu ọbẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó ki òkúta náà bọ àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó sì de bọ́tìnì lé e. Aṣọ kan ṣoṣo ló wà láàárín òkúta àti àyà rẹ̀. Mo rí i. Mo gbé ẹrù rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ibi tí kámíọ̀n wà, n kò sọ nǹkan kan.

Ọkọ̀ Kútọnu dé lẹ́yìn náà, a lé tìróò sójú ọmọ, ojú náà sì mọ́. Ó mọ́ títí di òní. Àbúrò ọkọ wa ń wá nígbà òjò kọ̀ọ̀kan. Ó ń gbẹ sí i, ikọ́ ò fi í sílẹ̀. N kò lè sọ pé òkúta ni, iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ń ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀. Tó bá dé, ohun tó kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé, “Ojú ọmọ mi ńkọ́?” Mo máa ń ní ó dára, mo sì máa ń fi ẹran tó tóbi jù sínú àwo rẹ̀. N kì í lè wo àyà rẹ̀.