Ẹ̀wù Ọdẹ Bàámi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó burú jù: èmi ni mo gbé ẹ̀wù ọdẹ bàámi jù sínú ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí. Kì í ṣe èèṣì. Mo ká a, mo dì í, mo sì dúró lẹ́nu géètì títí ọkọ̀ náà fi yà ní kọ́nà.

Ọdẹ ẹran ńlá ni bàámi. Ní abúlé wa lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, ẹfọ̀n ni gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n, nítorí wọ́n pa mẹ́ta, wọ́n sì wà lára àwọn tó pa erin kan kí wọ́n tó fẹ́ ìyá mi. Bí ìyá mi bá dé odò, àwọn obìnrin á yà kí wọ́n lè kọ́kọ́ pọn omi. Àgbẹ̀ tí ẹfọ̀n bá wọ oko rẹ̀ kì í lọ bá ọlọ́pàá, ọ̀dọ̀ bàámi ló ń sáré bọ̀. Èmi náà a máa ṣe fáàrí níléèwé. Ta ló tó na ọmọ apẹfọ̀n?

Ayé wá yí. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàámi kò gbé wọn mọ́, mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Agége, nítòsí Dọpẹmu. Ọjọ́ tí wọ́n dé, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé ẹ̀wù ọdẹ náà kọ́ sórí ìṣó lókè bẹ́ẹ̀dì. Ó ti le gbagidi. Oògùn wà lára rẹ̀ níbi púpọ̀, ìrù ẹfọ̀n sì so mọ́ èjìká. N ò ní purọ́, ó ń rùn.

Wọ́n ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ohunkóhun ṣe é. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìṣípà fún un. Wọ́n á gbé ẹ̀wù tó fi pa ẹran ńlá lọ sínú igbó, wọ́n á gbé e wọ igi bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló dúró síbẹ̀, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, ìyẹn orin arò ọdẹ, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn ọdẹ tó wà láyé kó lè lọ bá àwọn tó ti lọ. Bí kò bá sí ẹ̀wù, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ gbé lọ. Bàámi kì í pa ìrun jẹ o, àlùfáà ni yóò sì sin wọ́n. Síbẹ̀, orí ìṣípà yẹn lọkàn wọn wà.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ti iléèwé dé lọ́jọ́ kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, kò wọlé.

"Grandpa, anti wa ní àwọn hunter ló pa gbogbo erin tán. Ṣé ẹ wà ńbẹ̀?"

"Mo wà ńbẹ̀."

"Kí ni erin ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi pa á?"

Bàámi dáhùn: "Ó tẹ bàbá kan pa lóko iṣu. Ìlú ló rán wa. Ẹran pọ̀ nígbà náà, ọmọ mi. A ò mọ̀ pé ó lè tán."

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà kò bá wọn jẹun mọ́. Ó yẹ kí n bá a wí. Ó yẹ kí n sọ fún un pé ẹran ẹfọ̀n wà lára ohun tó tọ́ mi dàgbà. Mi ò sọ ọ́, nítorí ojú ń ti èmi náà. Ní ọ́fíìsì wa ní Aláúsá, wọ́n ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún wa lórí ẹranko igbó tó ń run lọ. Wọ́n fi fọ́tò ọdẹ kan hàn wá tó gbé ẹsẹ̀ lé òkú ẹfọ̀n, gbogbo wa sì pòṣé. Tèmi ló ròkè jù. Òkú àjànàkú là ń yọ ogbó sí, ta ní jẹ́ yọ agada lójú erin? Nígbà tí bàámi lágbára, n kò jẹ́ pòṣé.

Àwọn ọmọ kíláàsì ọmọ mi ń bọ̀ wá bá a ṣe bọ́ọ̀sídeè lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn ìyá wọn sì ń bọ̀ pẹ̀lú. Mo wo ẹ̀wù yẹn lórí ìṣó, mo rò ó bí àwọn obìnrin yẹn ṣe máa fọwọ́ bo imú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí bàámi ṣe lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, ìṣó ni wọ́n kọ́kọ́ wò.

"Mo ti fi rán dẹ́rẹ́bà kan tó ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́," ni mo wí. "Kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́ níbí."

"O káre, ọmọ mi. Ilé ló yẹ kó wà." Wọ́n wá ṣàdúà fún mi, wọ́n ní ọmọ tèmi náà yóò tọ́jú mi. Mo ṣe àmín. Ẹ gbọ́ o, mo ṣe àmín!

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò ju ọdún méjì lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún yìí, bàámi na fóònù wọn sí mi.

"Bá mi pe olórí ọdẹ abúlé wa. Ara mi kò yá tó bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ kó lọ sá ẹ̀wù náà sóòrùn, kí ikán má bàa jẹ ẹ́."

Mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àti ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí, àti dẹ́rẹ́bà tí kò sí níbì kankan.

Bàámi kò pariwo. Ìbá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n kàn bi mí léèrè: "Ṣé ọmọ náà ló ní kó o dà á nù?"

"Rárá, bàámi. Èmi ni."

"Ó dáa tí o kò tì í sí i lọ́rùn. Pe olórí ọdẹ."

Mo pè é. Etí bàámi ti ń wúwo, nítorí náà ohùn fóònù ròkè, mo ń gbọ́ ohun gbogbo. Ọgbà ni bàámi àti olórí ọdẹ yẹn jọ jẹ́.

"Ẹ̀wù mi ti sọnù," ni bàámi wí.

"Ẹ̀wù wo? Báwo ló ṣe sọnù?"

"Èmi ni. Mo gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ nígbà tí mò ń bọ̀ wá sí Èkó. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi sọ."

Kò sí ìtìjú tó ju èyí lọ láàárín ọdẹ. Olórí ọdẹ bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ apẹfọ̀n! Èkó ti bà ọ́ jẹ́ pátápátá."

"Ó ti bà mí jẹ́," bàámi dáhùn, wọ́n sì bá a rẹ́rìn-ín.

Mo na ọwọ́ láti gba fóònù, kí n sọ òtítọ́. Bàámi di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn ṣì lágbára.

"Ṣé o mọ̀ pé a ò ní lè ṣe ìṣípà fún ọ báyìí?" ni olórí ọdẹ bi wọ́n.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi ọmọ mi léèrè nípa ẹ̀wù. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."