Àgùntàn Ọ̀sìn Tí Barnabas Fà Wá sí Ìmẹ̀sí-Ilé

Ẹkúndayọ̀ ò ní oko kòkó, kò ní ṣọ́ọ̀bù. Agbo àgùntàn ló ní ní Ìmẹ̀sí-Ilé, abo kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ ló sì bí gbogbo wọn sílẹ̀. Ẹ lè bú u kó rẹ́rìn-ín. Ẹ má ṣáà bú àgùntàn rẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú rẹ̀ fi dùn nígbà tí Barnabas, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀, fa abo méjì wá láti Òṣogbo pé kó bá òun sìn wọ́n. Gbogbo wa la mọ àdéhùn ọ̀sìn: ọmọ tí ẹran bá kọ́kọ́ bí, ti ẹni tó ń sìn ín ni, èyí tó bá tẹ̀ lé e, ti olóhun ni. Ẹkúndayọ̀ dà wọ́n pọ̀ mọ́ tirẹ̀, wọ́n jọ ń jẹ èèpo gbágùúdá, wọ́n jọ ń sùn.

Nígbà tó kan Barnabas láti mú ọmọ tirẹ̀, kò tiẹ̀ wo ọmọ àwọn tó fà wá.

"Abo kékeré inú tìrẹ yìí ni kó o fún mi," ó ní. "Kí tèmi máa wà lọ́dọ̀ rẹ."

Obìnrin náà tún kúnlẹ̀ dúpẹ́! Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ń kẹ́ òun ni.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, agbo bẹ̀rẹ̀ sí í joro. Àgùntàn ń jẹun, ó ń rù. Bó bá rìn díẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn tó bímọ, ọmú wọn le gbagidi, wàrà ò sí níbẹ̀. Ọmọ á máa forí gbá ọmú ìyá rẹ̀ títí ebi á fi pa á. Ẹkúndayọ̀ fi ìgò fún wọn ní mílíìkì, ó gbàdúrà, ó sunkún.

Mùyídéènì, dókítà ẹran, wá láti Òṣogbo, ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ yẹ̀ wò. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Màmá, fáírọ́ọ̀sì ni. Ó máa ń pẹ́ lára kó tó hàn. Inú wàrà lọmọ ti ń mu ún, àwọn tó kù ń kó o nínú èémí ara wọn. Kò ní oògùn, pípa ló kù." Ó wá tẹjú mọ́ abo kan. "Ṣé kì í ṣe ilé Alàgbà Barnabas ni mo ti rí eléyìí? Mo ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni."

Ó wá yé Ẹkúndayọ̀ ìdí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fi mú ọmọ ẹran tirẹ̀. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ó wọkọ̀ lọ bá a ní Òṣogbo.

"Bùọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀?"

Barnabas ò jiyàn. "Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ò gbé e láti pa wọ́n. Bí mo bá sì tà wọ́n fún ará ìta, á mú mi lọ sí téṣàn ọlọ́pàá."

"Ẹ wá fà wọ́n fún mi."

"Ta ni ǹ bá fún bí kò ṣe ìwọ? Ìwọ ò lè mú mi lọ síbì kankan, ọmọ ìyá mi ni ọ́."

Òótọ́ ló sọ, kò lè mú un lọ síbì kankan. Ohun tó dùn ún ju òkú ẹran lọ nìyẹn.