Epo Ìyá Ọkọ Mi Nínú Míkísà

Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè mí nígbà náà. Ìyàwó, bu omi wá. Ìyàwó, ata ń dúró dè ọ́ lórí ọlọ. Nínú agbo ilé ọkọ mi ní Ìkòsì, mi ò gbọ́dọ̀ dé Kétu tó wà nítòsí láìtọrọ àyè, ọmọ tó ń rá tí wọ́n ti bí kí n tó wọlé, ọkọ mi ni mò ń pè é. Yàbá ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nínú yàrá tó ní iná mànàmáná, tí èèyàn lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kó fọkàn balẹ̀. Ní Ìkòsì, aṣọ ni wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà wa.

Ẹ má rò pé wọ́n ń fìyà jẹ mí. Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn mi débi pé ẹran orí oúnjẹ wọn, ìdajì rẹ̀ tèmi ni. Bí mo bá ní mo fẹ́ lọ kí ìyá mi, wọn á fà mí mọ́ra, wọn á ní, "Èmi yìí ńkọ́, ṣé èmi kì í ṣe ìyá rẹ ni?" Ẹni tó bá ń nà ọ́, o lè sá fún un. Ẹni tó ń gé ẹran fún ọ ńkọ́?

Kúùkù ni ọkọ mi. Ilé òyìnbó kan ní Ìkòyí ló ti ń dáná, ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń gun kẹ̀kẹ́ wálé. Mádáàmù ilé náà ti ṣèlérí pé bí olùṣọ́ bá ti kó kúrò nínú yàrá kan tó wà lẹ́yìnkùlé, kó mú ìyàwó rẹ̀ wá síbẹ̀. Mi ò tíì débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo mọ yàrá náà: fèrèsé kan, ilẹ̀kùn kan, kọ́kọ́rọ́ kan. Mo ti di ẹrù mi sínú àpótí onípáànù, mo gbé e sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà; bí wọ́n bá bi mí, mo ní ibẹ̀ ló gbà á.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, ọkọ mi gbé àpò ìyẹ̀fun wálé. Míkísà Mádáàmù ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ oníná tó ń po ẹyin, bọ́tà àti ìyẹ̀fun kéèkì. Ó ti dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mádáàmù ní kó tún un ṣe kó tó padà lọ́jọ́ Ajé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí yàrá, kò sì síṣẹ́. Ọkọ mi, tí kò tún nǹkan kan ṣe rí ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, ní òun á ṣe é.

A tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń fi ẹnu ọ̀bẹ tú àwọn nọ́ọ̀tì, mo ń gbà wọ́n sínú abọ́ kí wọ́n má baà sọnù. Nígbà tó ṣí, a rí ohun tó ṣe é. Ìyẹ̀fun ti wọnú rẹ̀, ó ti bá gíríìsì gbẹ, ó le mọ́ àárín àwọn irin eléyín kéékèèké bí ẹ̀bà àná. Ìyẹn ò ju agbára wa lọ. A fi ìyẹ́ adìẹ àti kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí irin fi ń dán. Ọkọ mi fi ìka yí i, ó yí wẹ́rẹ́. Inú mi dùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́nu.

"Epo díẹ̀ ló kù tó ń fẹ́," ni ọkọ mi wí.

Ìyá jókòó nítòsí, wọ́n ń wò wá. "Epo nìkan?"

"Epo nìkan ni, Ìyá."

Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kétu, kó lọ tọrọ èyí tí télọ̀ ń kán sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Èmi gbé korobá, mo lọ pọnmi.

Nígbà tí mo dé, ẹ̀rín ni Ìyá fi pàdé mi. Ìgò wà lọ́wọ́ wọn. Epo pupa ni wọ́n ti yọ́ lórí iná, torí pé ọyẹ́ ti mú un dì, wọ́n sì ti fi ṣíbí bù ú sínú míkísà títí ó fi kún.

"Kí ló dé tọ́mọ mi ń wá epo kiri nígbà tí epo kún ilé?" ni wọ́n wí. "Epo lẹ̀rọ̀. Kò sóhun tí kì í mú rọ̀."

Ẹ̀rọ̀ ni àwọn ń sọ, ẹ̀rọ ni èmi ń wò. Epo ti wọ gbogbo wáyà inú rẹ̀. Ó ṣe mí bíi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, nínú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Ìyá ṣì dúró, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń retí. Mo sọ korobá kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá."

Ọkọ mi dé, ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí. Òun náà dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ta ló fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé oore rẹ̀ ti ba nǹkan jẹ́?

Gbogbo ọjọ́ Àìkú la fi ń nù ún. A ò lè dán an wò, torí fìtílà ni gbogbo Ìkòsì ń tàn. Nígbà tó gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé, mo jókòó lórí àpótí mi.

Ọjọ́ kejì ló padà wálé, pẹ̀lú àpò náà.

"Kò yí ni?" mo bi í.

"Ó yí dáadáa. Nígbà tó gbóná ni ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ìsọ̀ alákàrà. Epo wá kán sínú bọ́tà funfun tí Mádáàmù fẹ́ fi ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí ọmọ wọn. Wọ́n ní kí n gbé e, kí n máa lọ."

Ẹni tó wọ aṣọ àlà kì í kúkú jókòó nísọ̀ elépo. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ni mo sunkún, mo sì bínú sí i, mo bínú sí Mádáàmù, mo bínú sí Ìyá ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí Ìyá gbọ́ pé ọmọ wọn ti padà wá gbélé, wọ́n pa adìẹ, wọ́n sì gé ìdajì ti orí oúnjẹ wọn fún mi.

Ó pẹ́ kí iná ìjọba tó dé Ìkòsì. Ọjọ́ tó dé, ọkọ mi wá míkísà náà jáde, ó ki wáyà rẹ̀ bọ ojú iná. Ó yí. Òórùn epo gba gbogbo ilé kan. Ìyá, tí ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, fín in símú lórí ẹní wọn.

"Mo wí fún yín," ni wọ́n ní. "Epo lẹ̀rọ̀. Ìyàwó, ṣé o gbọ́?"

Mo yà fún àpótí mi tó ṣì wà níbi tí mo gbé e sí, mo gbé aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè, mo jáde, mo kúnlẹ̀.

"Mo gbọ́, Ìyá. Ẹ ṣé."