Mo ní kó lọ́ tòmátò, ó lọ̀ ọ́

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkọ tí wọ́n bí sí Warri o!

Tòmátò mẹ́ta tí mo gbìn sínú ike ọ̀dà ti dàgbà ju ike lọ, gbòǹgbò ti ń yọ lábẹ́. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ sínú garawa ńlá mẹ́ta sílẹ̀, mo lọ sí Pessu. Láti inú ọjà ni mo ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i: "Ba mi lo tomato ehinkule yen ki n to de."

Kó lọ́ ọ ni mo wí! Kó hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kó tún un gbìn sínú garawa.

Mo délé. Igi mẹ́ta náà ṣì wà nínú ike wọn, ìhòòhò goloto. Ó ti já gbogbo èso, àtèyí tó pọ́n àtèyí tí kò pọ́n, ó ti lọ̀ wọ́n kúnná sínú abọ́.

"Wetin be dis?"

"No be you say make I grind am?"

"Lọ́ ni mo kọ!"

"Ehen! I don grind am na."

Ó na fóònù sí mi. Kò sí àmì kankan lórí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ̀yin ará, ta ló jẹ̀bi? Kẹ́ ẹ tó dáhùn, ẹ wo bí mo ṣe fàmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí.