Áísìkiriìmù tí Mo Ṣe fún Ìyá Ọkọ Mi

Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún ìyá ọkọ mi n'Íbàdàn, dókítà ní nǹkan tútù tó rọ̀ nìkan ni kí wọ́n máa gbé mì. A gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa ní Ṣakí. Ẹ̀kọ tútù tí mo fún wọn, wọ́n fọwọ́ tì í. Ògiri ni wọ́n ń wò, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ojú wọn ti jìn wọnú.

Mo wá rántí áísìkiriìmù. Mo ra omi wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó ń kiri ládùúgbò wa, mo sè é títí ó fi hó, mo po ẹyin àti ṣúgà mọ́ ọn, mo ń rò ó lórí iná jẹ́jẹ́ kí ẹyin má baà dì. Nígbà tó tutù, mo dà á sínú ike, mo gbé e sí fírísà.

Kò tíì dì tí iná fi lọ. Wọ́n ní tiransifọ́mà ló jó.

"Ṣé a ò lè fún wọn bẹ́ẹ̀?" ọkọ mi béèrè.

"Rárá o, ẹ má dán an wò, kò tíì tutù tó. Egbò ń bẹ lọ́fun wọn. Ẹ bá mi wá yìnyín."

Ó gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja inú yìnyín. Kó tó dé, mo ti yọjú wo Ìyá ní ìgbà àìmọye, bóyá wọ́n ṣì ń mí.

Mo fi ọmọ odó fọ́ yìnyín náà sínú agbada, mo da iyọ̀ lé e kó lè tutù sí i, mo fi ọ̀rá di ẹnu ike náà pinpin, mo sì ń yí i láàárín rẹ̀. Ọwọ́ mi kú tipiri. Oòrùn ń yọ́ yìnyín lọ lójú mi. Nígbà tó yá, èyí tó wà létí ike bẹ̀rẹ̀ sí í ki, títí gbogbo rẹ̀ fi dì. Mo bu díẹ̀ lọ fún Ìyá.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣíbí kan péré."

Wọ́n gbà á. Ikọ́ mú wọn. Ọkọ mi di orí bẹ́ẹ̀dì mú, mo rò pé ojú abẹ ti ya. Ikọ́ náà rọlẹ̀. Mo rí i tí ọ̀fun wọn gbé e mì, wọ́n sì tún la ẹnu.

Wọ́n jẹ tó ìlàjì ife. Wọ́n wá di ọwọ́ mi mú.

"Ọwọ́ ẹ tutù, ìyàwó mi," wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Ọkọ mi ti jáde, ó tún ń wá yìnyín lọ.